Hóró Ràmótù Tí A Tì Mọ́nú Yàrá

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí ní yunifásítì kan nílùú Kàdúná nígbà náà, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yìn mí nítorí ìyanṣẹ́lódì ọdún yẹn, ẹ gbọ́ ibi tó kù.

Ẹ̀rọ X-ray kan ló dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń wo eegun. Bí ẹni tó ń po èròjà oògùn tuntun bá rí hóró rẹ̀ kan tó dì, tó ń dán bí iyọ̀, ẹ̀rọ yìí ló máa fi hàn bí ohun inú rẹ̀ ṣe tò. Láìsí i, àròsọ lásán ni ohun tó ní òun pò. Wọ́n ra ẹ̀rọ náà, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú àpótí pákó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n ní kò síná tó lè gbé e. Nígbà tí a gbé ìwé ẹ̀hónú lọ sílé ọ̀gá àgbà yunifásítì ní àdúgbò Malali, maigadi wò wá látòkè délẹ̀. "Oga ba ya nan," ló wí, pé ọ̀gá ò sí nílé. Ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀gá sì ń kùn lókè orí wa.

Bí a ṣe daṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. A ti gbogbo yàrá ìwádìí pa, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹta, Ràmótù wá bá mi. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Makera ní Kàdúná ni, ó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí oògùn ibà. Ọdún mẹ́rin ló fi wá hóró kan ṣoṣo tó dì dáadáa.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Omi tí hóró mi wà nínú ẹ̀ ti ń gbẹ. Kí n kàn bu díẹ̀ sí i."

"Ràmótù, a kì í fẹ́ kí èkuru tán láwo ká tún máa gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo. Bí mo bá ṣí i fún ọ, ta ni n ò ní ṣí i fún? Nítorí irú yín náà la ṣe ń jà."

"Haba, Bàbá! Ẹ ń jà nítorí mi, ẹ wá tì mí mọ́ta?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wò mí. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé irú hóró bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ bí omi rẹ̀ bá gbẹ, iṣẹ́ mi ni. Nítorí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni n ò ṣe ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la lò, a sì ṣẹ́gun. Wọ́n fún ẹ̀rọ náà ní yàrá àti jẹnẹrétọ̀. Ràmótù bá ìyẹ̀fun funfun nísàlẹ̀ ìgò rẹ̀, ẹ̀rọ tí a jà fún kò sì lè ka ìyẹ̀fun. Ó tún un pò, ó tún un pò, títí àkókò tí wọ́n fún un láti gboyè fi tán. Kò dì mọ́.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dòní, ọ̀pọ̀ yín ló sì ti tipa rẹ̀ gboyè. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣu, n kò gbàgbé. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sílé-ìwé girama tí Ràmótù ti ń kọ́ni ní Makera. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Ẹ kú oríire, Bàbá," ló wí. Ó fa ìwé ọmọléèwé mìíràn sọ́dọ̀, ó ń máàkì lọ.

Mo jáde. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.