Òróró Lójú Tẹlifísàn

Ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé tẹlifísàn wa ti ń kú lọ. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ti ṣókùnkùn, àwọn ò rí ojú pásítọ̀ dáadáa mọ́. Lójú tèmi kò sí nǹkan tó ṣe é, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ìyá rẹ̀ jiyàn? Láti ìgbà tí wọ́n ti Ìbàdàn wá bá mi ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, tẹlifísàn yẹn ni ẹnì kejì wọn tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́.

Ní Sátidé kan, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich. Tẹlifísàn kún ara ògiri, gbogbo wọn ń tàn yòò. Ìyá mi lọ dúró ti ọ̀kan, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Mọ́mì, ẹ rọra o, ẹ má fi imú fọ́ ọjà ọlọ́jà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n mú èyí tí ohùn rẹ̀ bá já geere jù. Mo ní kí la fẹ́ fi ohùn ṣe, ṣebí àwòrán la bá wá. Èyí tó fẹ̀ jù ni mo rà.

Nígbà tá a gbé e délé, wọn ò jẹ́ kí n tàn án. Nílé wa, nǹkan tuntun kì í ṣiṣẹ́ láìgbàdúrà sí i, títí kan ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wọ́n da òróró àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi pa ojú tẹlifísàn látòkè délẹ̀. Mo ń ṣe àmín, inú sì ń bí mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní, "Èyí náà ṣókùnkùn o."

Háà! Ara mi gbóná. "Òróró tí ẹ fi kùn ún ńkọ́? Ẹ ò rí ohun tí mò ń sọ!" Mo mú aṣọ, mo nù ún títí ó fi ń dán. Àwọn akọrin ń kọrin lójú rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka eyín wọn.

"Ṣé ó ti dáa báyìí?"

"Ó ti dáa."

"Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀, Mọ́mì?"

Wọ́n na ọrùn sí i. "Funfun ni."

Pupa fòò ni.

Èmi tí mò ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Shooters Hill, tí mò ń bi ìyá oníyàá láràárọ̀ pé ṣé wọ́n ti kán oògùn ojú wọn, n kò béèrè ojú ìyá tèmi rí. Ojú tì mí. Mo sunkún nínú kíṣìnì.

Dókítà ní glaucoma ni, ó ti ń jẹ ojú náà díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́. Oògùn kíkán la ó máa fi ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù.

Nínú bọ́ọ̀sì, bí a ṣe ń padà bọ̀, wọ́n béèrè tẹlifísàn àtijọ́. Mo ní mo ti gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Plumstead, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ fún un?"

"Dáadáa ni, Mọ́mì."

"Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ jẹ́ ká ra òmíràn?"

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, mo gbàdúrà sí i ni. Mo ní, Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ tẹlifísàn ló bàjẹ́."