Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Wá Fẹjọ́ Mi Sùn Níbi Àpérò Èdè Kọ̀ǹpútà

Àwọn tí kò lọ sí àpérò ọdọọdún àwa tí à ń kọ èdè kọ̀ǹpútà rí sábà máa ń bi mí pé kí là ń jókòó sọ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdáhùn mi ni pé ìjà sọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la gbé kọ̀ǹpútà dání, iná sì lè lọ nígbàkigbà, nítorí náà ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ẹ̀gbẹ́ ògiri jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pín tíṣáàtì tí kò bá ẹnikẹ́ni mu. Ẹnìkan yóò ti ìlú ńlá wá sọ fún wa pé ohun tí a kọ́ lọ́dún tó kọjá kò wúlò mọ́. Ìrẹsì yóò pẹ́ kó tó dé. Láàárín gbogbo èyí, a ó máa dúró ní méjì-méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníkálukú á máa wo bàtà ẹnìkejì rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, nítorí pé a kì í ṣe ẹni tó mọ ojú wò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an ni ọgbọ́n pọ̀ sí.

Ọdún tí wọ́n ṣe é l'Ọyẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ọdún yẹn ni bàbá mi wá.

Ìdó ni èmi ń gbé. Mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń ta oògùn káàkiri àdúgbò ilé ìwòsàn, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́. Bàbá mi wà nílé ní Ìrèlè. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìyá mi sì ti kú láti ìgbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì. Nítorí bàbá mi ni mo ṣe kọ ètò kan fún àwọn àgbẹ̀ ìlú wa. Oníṣòwò kan ló ń gbé ọkọ̀ wá ra iṣu, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ètò tí mo kọ ni pé bí ọkọ̀ náà bá ti dé oríta, gbogbo àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ yóò gba ìkéde lórí fóònù wọn ní Yorùbá, kí wọ́n lè ru iṣu jáde. Iṣẹ́ náà wù mí púpọ̀. Òun ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí l'Ọyẹ́.

Mo lọ sílé lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti pè mí sí àpérò èdè. Wọ́n sún awò ojú wọn sókè.

“Èdè wo?”

Mo dárúkọ rẹ̀.

“Ìlú wo ni wọ́n ti ń sọ ọ́?”

“Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́, Bàámi. Kíkọ la máa ń kọ ọ́.”

“Bíi Látìn àwọn Àgùdà ìgbà kan.”

“Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Ó ní gírámà?”

“Ó ní i dáadáa.”

“Bí èèyàn bá ṣi gírámà náà lò ńkọ́?”

“Kọ̀ǹpútà kò ní dá a lóhùn.”

Wọ́n mi orí. “Olùkọ́ gidi nìyẹn.” Wọ́n tún bèèrè: “Ìkéde tó ń wọlé sórí fóònù àwọn àgbẹ̀ yìí, ṣé èdè yẹn náà ni?”

“Òun ni mo fi kọ ohun tó ń gbé e jáde.”

“Ta ni olórí yín nínú èdè náà?”

Mo ní a ò ní olórí, ṣùgbọ́n àpérò ní alága, olùkọ́ yunifásítì ni, obìnrin sì ni. Wọ́n bi mí bóyá obìnrin náà yóò wà l'Ọyẹ́. Mo ní yóò wà níbẹ̀.

“Èmi náà á wá,” ni wọ́n wí.

Mo rò pé inú wọn ló ń dùn sí mi. Inú tèmi náà dùn.

Lọ́jọ́ náà, mo wọ ọkọ̀ láti Ìdó dé Ìfàkì, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ọyẹ́. Nígbà tí n óo fi wọ gbọ̀ngàn, bàbá mi ti gba Ìkọ̀lé wá, wọ́n ti jókòó síwájú pátápátá. Wọ́n ti gba tíṣáàtì, wọ́n sì ti wọ̀ ọ́ sórí bùbá àti ṣòkòtò wọn. Aláǹgbá ni àmì èdè wa, nítorí náà aláǹgbá aláwọ̀ ewé ńlá kan nà gbọọrọ láyà bàbá mi, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ Áńgílíkà. Ẹnikẹ́ni kò rí i pé kò bójú mu. Àwọn ọmọ tó ń kọjá ń kí wọn.

Káàdì kan wà tí a máa ń so kọ́rùn. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ èdè tó ń kọ sí i, àti ìgbà tó ti ń kọ ọ́. Bàbá mi ti kọ “Yorùbá”, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, wọ́n wá kọ “láti kékeré” sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan rò pé ẹnìkan ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà tuntun tó ń jẹ́ Yorùbá. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

“Daddy, ṣé ó yára?”

“Ọwọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ ló wà,” ni bàbá mi dáhùn. Ọmọ náà kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀.

Olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì ọdún náà jẹ́ ọkùnrin kan tó ti Àbújá wá, ó wọ kóòtù, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní ẹ̀dà tuntun èdè wa dára púpọ̀, pé wọ́n ti yọ àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan kúrò nínú rẹ̀. Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan nà sókè níwájú. Mo mọ ọwọ́ náà.

“Ta ló yọ wọ́n?” ni bàbá mi bèèrè.

“Ìgbìmọ̀ ni, sà.”

“Níbo ni ìgbìmọ̀ náà ń gbé?”

“Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pàdé.”

“Àwọn tó ti fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kọ̀wé sílẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò bá wọn tún un kọ?”

Àtẹ́wọ́ bẹ́ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ọkùnrin kan dìde, ó ní ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn òun nìyẹn, pé láti ìgbà tí ẹ̀dà tuntun ti dé ni iṣẹ́ tí òun ṣe fún iléèwé kan kò ti dá òun lóhùn mọ́. Òmíràn dìde ní kó jókòó, pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Ará Àbújá mu omi, ó tún mu omi. Mo tẹ̀ síwájú, mo bá bàbá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Bàámi, ṣé ẹ mọ ohun tó ń sọ ni?”

“N ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n lọ pa. Mi ò lè jókòó kí n máa wò wọ́n.”

Lẹ́yìn rẹ̀ ló kàn mí. Mo ṣàlàyé bí ètò mi ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ geerege. Mo wá fi ìkéde náà hàn wọ́n lójú ògiri gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wọlé sórí fóònù àgbẹ̀, gàdàgbà-gadagba: OKO TI DE. E JADE.

Bàbá mi dìde. Wọn ò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Ọ̀dọ̀ alága ni wọ́n kọjú sí.

“Alága, ẹ kú uṣẹ́. Èmi ni mo bí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Mo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín.”

Alága yọ awò ojú rẹ̀. “Ẹ máa wí, sà.”

“Kí ẹnìkan bá mi ka ohun tó wà lójú ògiri yẹn.”

Ará Àbújá ló kà á: “Ọkọ̀ ti dé. Ẹ jáde.”

“Ìwọ lo fi àmì sí i. Kò sí níbẹ̀. Oko wo ni? Ó lè jẹ́ oko tí à ń ro. Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ó.” Wọ́n tún kọjú sí alága. “Obìnrin kan wà ládùúgbò mi ní Ìrèlè, ọkọ rẹ̀ ti kú ó ti pẹ́. Ó forúkọ sílẹ̀ nítorí iṣu rẹ̀. Ọ̀sán gangan, ó gbọ́ kínní yìí tó dún, ó mú un, ó kà á pé ọkọ ti dé, ẹ jáde.”

Ẹ̀rín tú jáde lẹ́nu àwọn èèyàn. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín,” ni bàbá mi wí. “Mọ́tò lọ, ó fi iṣu obìnrin náà sílẹ̀.” Wọ́n gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara wọn jáde, wọ́n sì tún un sọ kíá: “Ọkọ̀ lọ.”

Alága bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi àmì ohùn sí i. Mo ní mo fi sí i, pé ojú ọ̀nà ni àwọn àmì náà ti ń já bọ́, kí ìkéde tó dé orí àwọn fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tí kò bá mọ irú èèyàn tí à ń jẹ́ yóò rò pé wọn yóò káàánú mi. Inú wọn dùn ni. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ wa bí iṣẹ́ ẹlòmíràn tó bàjẹ́. Wọ́n yí mi ká. Ará Àbújá bọ́ kóòtù rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti ń bú ara wọn lẹ́ẹ̀kan ń fi ìka han ara wọn lójú kọ̀ǹpútà mi. A tún un ṣe, a sì fi ìkéde ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá mi. Ó dún.

Wọ́n kà á sókè: “Àmì ìbéèrè. K. Àmì ìbéèrè.” Wọ́n gbójú sókè. “Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń bèèrè.”

A tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, àpótí kéékèèké ló kún ojú fóònù. Ìrẹsì dé, ẹnikẹ́ni kò dìde. Ẹnìkan ní kí a kúkú kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá mi wò ó títí ó fi jókòó. Òmíràn ní kí a kọ “oko to ni taya”.

“Obìnrin yẹn á ní ọkọ tó ní táyà sàn ju èyí tí kò ní lọ,” ni alága wí. Ó tọ́ka sí kọ̀ǹpútà mi. “Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ kọ MOTO.”

Gbogbo wa wo bàbá mi. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣe olùkọ́, báírò pupa ni wọ́n fi ń fa ìlà sábẹ́ “mọ́tò” nínú ìwé àwọn ọmọ, wọ́n á sì kọ “ọkọ̀” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi gan-an jẹ nínú báírò náà.

“Kò sí ohun mìíràn tí mọ́tò lè jẹ́?” ni wọ́n bèèrè.

“Kò sí, sà.”

“Ẹ kọ ọ́, nígbà náà.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ò pa á.

A gbé ìrẹsì tútù wa lọ sábẹ́ igi kan níta. Mo ní, “Bàámi, ẹ̀ bá ti sọ èyí fún mi nílé.”

“Kì í ṣe ohun tí mo lè sọ fún ẹ nílé.” Wọ́n jẹ ẹran tó wà lórí ìrẹsì wọn tán kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. “Mi ò sọ ọ́ tán níbẹ̀ yẹn. Ìdí tí ìyá yẹn ò fi lọ sí oríta ni pé ulé mi ló wá.”

“Ilé yín?”

“Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀ pé ọmọ mi ló ń fi ìkéde ránṣẹ́. Ó ní, ‘Tíṣà, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ í sọ, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́, ẹ má rán kọ̀ǹpútà.’”

Ìrẹsì fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mìíràn mọ́ mi lọ́wọ́. “Kí lẹ wá sọ?”

“Mo ní kì í ṣe èmi. Mo ní àmì ohùn ni. Mo ṣàlàyé àmì ohùn fún un, ti òkè, ti àárín, ti ìsàlẹ̀.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní oòrùn mú, kí òun kọ́kọ́ wọlé jókòó ná.”

“Ṣé ó pẹ́ kó tó lọ?”

Wọ́n wo inú àwo wọn. “Ìrẹsì yìí ò jinná dáadáa.”

Mi ò bèèrè mọ́. Ní ọ̀sán yẹn, wọ́n padà wọlé, wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù, wọ́n sùn nígbà méjì kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo bá wọn wá ọkọ̀ Ìkọ̀lé, èmi náà sì wá ti Ìfàkì.

MOTO TI DE ni àwọn àgbẹ̀ ń rí báyìí, kò sì sí ẹni tí ọkọ̀ tún fi sílẹ̀. Obìnrin náà nìkan ló pè mí lórí fóònù, ó dúpẹ́, ó ní gbogbo rẹ̀ dára, pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ò kúkú burú.

Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ó wá sí ilé ìwòsàn ní Ìdó kí wọ́n lè yẹ ojú rẹ̀ wò. Bàbá mi ló tẹ̀ lé e wá, wọ́n bá a gbé àpò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì dé sí. Mo gbé yàrá mi fún ìyá náà, bàbá mi gba yàrá kejì, èmi sùn sí pálọ̀. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, mo gbọ́ ohùn wọn ní ilé ìdáná. Wọ́n ń jiyàn jẹ́jẹ́ lórí bóyá iyọ̀ inú ọbẹ̀ ti tó. Obìnrin náà ní ó ti tó, bàbá mi ní kò tíì tó, ó ní kí wọ́n tún un tọ́ wò. Mo fa aṣọ bora, mo ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn, kí wọ́n lè yanjú rẹ̀.