Yẹ̀rì Tí Sàkáríyà Tú

Àtàǹpàkò Sàkáríyà wọ abẹ́ ìṣẹ́po aṣọ kan. Ó rọra rìn lọ sísàlẹ̀, ó kan ìlà pupa, ó dúró. Ó bọ́ sí abẹ́ ìṣẹ́po kejì. Ìlà pupa tún nìyẹn, ní ibi kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Aṣọ wíwúwo, tó ń rùn bí inú àpótí.

Yẹ̀rì ni. Ti ọkùnrin.

Ọ̀gbẹ́ni Makiréè, òyìnbó Skọ́tílándì tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń la títì, ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà ní Garki, lọ́dún 1984. Bàbá rẹ̀ ló ni ín kó tó kú; àwọn ọkùnrin ìlú wọn a máa wọ̀ ọ́ lọ òde. Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, oòrùn Àbújá kò sì jẹ́ kó ṣeé wọ̀ lójoojúmọ́. Ó fẹ́ òmíràn, ti kakí, tó fúyẹ́, tó lápò, tó lè wọ̀ lọ ra búrẹ́dì.

"Wo ti bàbá mi dáadáa," ó wí lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Mò ń bọ̀ wá mú un ní Jímọ̀. Àwa ará ìlú wa ní ìpàdé, òun ni mo máa wọ̀."

Láníyì, tó ní ẹ̀rọ kejì nínú ṣọ́ọ̀bù, dúró kí òyìnbó lọ tán.

"Sàká, ó ku kó o rán kọ́mú fún un."

"Bàbá ńlá tìẹ náà ró aṣọ rí, kó tó mọ ṣòkòtò."

"Ó ró o. Kò ró o lọ ra búrẹ́dì."

Sàkáríyà rẹ́rìn-ín, ó mú abẹ. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Ìṣẹ́yìn nìyẹn: aṣọ tí o kò bá mọ̀ ọ́n rán, tú u, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ fún ọ. Kó tó di wákàtí kan, yẹ̀rì ti di aṣọ gbọọrọ kan lórí tábìlì. Yáàdì mẹ́jọ. Kò sí àmì ṣọ́ọ̀kì kankan lára rẹ̀ tó lè fi mọ ibi tí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan wà.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á.

Ó mú téèpù. Ó pín ìṣẹ́po lọ́gbọọgba, ó fi ẹ̀rọ rán an, ó gbé e sókè. Àwọn ìlà pupa ti ṣáko. Ọ̀kan yà sọ́tùn-ún, ọ̀kan sá pamọ́. Ó tú u, ó tún un pín. Ọjọ́rú lọ báyẹn. Ọjọ́bọ̀ dé. Aṣọ olóògbé, ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́la.

"Sọ fún un pé áyọ́ọ̀nù ló jó o," Láníyì wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Aṣọ bàbá ẹni kọ́ ni wọ́n ń purọ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un rántí bàbá tirẹ̀. Ìdí òfì bàbá yẹn ni Sàkáríyà sá kúrò, tó ní ẹ̀rọ ló lòde. Bí bàbá bá ń rán ìbù òfì pọ̀ di aṣọ, kì í wọn ohunkóhun. "Ìlà ni kó o tẹ̀ lé," ni ó máa ń wí. "Ó mọ̀nà ilé."

Sàkáríyà ká téèpù sínú àpò. Abẹ́rẹ́ ọwọ́. Ìlà pupa lé ìlà pupa. Ìṣẹ́po tó bá fẹ́ gbòòrò ju èkejì lọ, ó jẹ́ kó gbòòrò. Ìṣẹ́po mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó parí rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀.

Makiréè dé. Ó fi àtàǹpàkò tọ abẹ́ àwọn ìṣẹ́po, ó yí inú aṣọ síta.

"Òwú dúdú ló wà níbí tẹ́lẹ̀."

Aláwọ̀ aró ni ti Sàkáríyà. "Mo tú u, ọ̀gá. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rán an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Òwú yẹn dà?"

"A ti gbá a dànù."

Òyìnbó yí inú aṣọ padà. "Ìyá mi ló rán an." Ó ká yẹ̀rì náà, ó gbé e lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà wá fún ti kakí. Kakí kò ní ìlà. Téèpù ni Sàkáríyà fi pín ìṣẹ́po rẹ̀, ọjọ́ kan péré ló sì gbà á. Makiréè ń wọ̀ ọ́ lọ ra búrẹ́dì.

Láti ìgbà náà, Sàkáríyà kì í tú aṣọ ẹnikẹ́ni láìbéèrè ẹni tó rán an.