Ilẹ̀ Tí Mo Rà Nígbà Ọ̀gbẹlẹ̀

Láti ọjọ́ tí ògiri ilé mi ti wó sínú omi lẹ́bàá Ahoyéyé, lápá Pobè, tí mo sì di mọ́ igi ọ̀pẹ kan títí àwọn ará àdúgbò fi gbé ọkọ̀ ojú omi wá, ni ẹbí mi ti ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní bí wọ́n bá pọn omi ìwẹ̀ fún mi, mo kọ́kọ́ máa ń wo ibi tí ọ̀pẹ wà. Irọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò.

Ilẹ̀ dúdú la ní níbẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó máa ń là débi pé ẹsẹ̀ àgbàlagbà lè wọ inú rẹ̀. Nígbà òjò, á mu omi yó, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún wa nínú yàrá. Mo pinnu pé mo fẹ́ lọ kọ́lé sí Aguidi, lápá Sakété, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ga. Ta ló sọ pé ó ga? Bàbá àgbà tó ń tà á ni.

Nílẹ̀ wa, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ la máa ń kọ́lé, kí ògiri amọ̀ lè gbẹ kí òjò tó dé. Nítorí náà, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ náà la máa ń lọ wo ilẹ̀. Ọgbọ́n ńlá. Mo rìn yí ilẹ̀ náà ká, eruku sì bò mí dé orúnkún.

Mo ní, “Bàbá, ṣé omi kì í dé ibí?”

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. “Ọmọ mi, ìwọ náà wò ó. Ṣé o rí omi?”

Mi ò rí omi. Mo ra ilẹ̀ náà, mo sì pe ọ̀wẹ̀: àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ tí yóò wá bá mi mọ ògiri, tí mo bá ṣáà ti fún wọn ní oúnjẹ àti sódabì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè.

Ọ̀wẹ̀ ku ọ̀la nígbà tí àbúrò ìyàwó mi obìnrin dé láti yunifásítì. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo fọ́tò tí sàtẹ́líìtì ń yà láti ojú sánmà láti mọ ohun tí à ń fi ilẹ̀ ṣe: igbó wo ló ti di oko, oko wo ló ti di ilé. Ìyá rẹ̀ ṣì rò pé fọ́tò ìgbéyàwó ló ń yà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ yín hàn yín.”

“Ìyàwó mi kékeré, ilẹ̀ tí mo ti fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ rí níbẹ̀ láti òkè?”

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Oko ọ̀pẹ Pobè tutù yọ̀yọ̀, òrùlé Sakété sì funfun bí gàrí tó dà sílẹ̀. Ilẹ̀ mi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó gbẹ. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Sánmà pàápàá ti jẹ́rìí sí i.

Àbúrò rẹ̀ ní, “Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ya èyí. Tí òjò bá dé, ìkùukùu á bo ilẹ̀, sàtẹ́líìtì yìí kò ní lè rí nǹkan kan.”

“Ṣé ó máa ń lọ sinmi nígbà òjò ni? Bíi àwọn ọ̀gá wa.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú mìíràn wà, rádà, tí kò nílò ìmọ́lẹ̀. Á rán ìgbì tirẹ̀ gba inú ìkùukùu kọjá, á sì gba èyí tó bá padà sókè. Omi tó tẹ́jú kì í dá a padà sí i, nítorí náà dúdú ló máa ń hàn.

Mo ní kó kọ́kọ́ fi Ahoyéyé hàn mí, ní ọdún tí omi gbé wa. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo wá ọ̀pẹ mi níbẹ̀, mi ò rí i.

“Ó kéré jù, ẹ̀gbọ́n,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ọ̀pẹ tí mo di mọ́ bí ọmọ ṣe ń di mọ́ ìyá rẹ̀, ó kéré jù. Mi ò bèèrè nípa ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó fi Aguidi hàn mí, nígbà òjò. Àmì tó fi sí orí ilẹ̀ mi wà láàárín dúdú. Ó mú ọdún mìíràn wá, dúdú. Mo ní kó pa á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́wẹ̀ dé sórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọkọ́. Mo sọ fún wọn pé a ò ní kọ́lé mọ́, pé omi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, eruku sọ lálá.

“Ẹ rọra o,” ó sọ fún àwọn yòókù. “Ẹ má jẹ́ kí àna wa rì.”

“Ẹ bá a wá ọ̀pẹ,” ẹlòmíràn dáhùn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó rọrùn láti rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n jẹun, wọ́n mu sódabì mi tán, wọ́n gbé ọkọ́ wọn lọ sílé. Ìròyìn náà ti dé Pobè kí n tó padà délé níbẹ̀.

Mo gba yàrá kan ní Sakété, ní òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí òjò dé, mi ò lọ wo ilẹ̀ mi. Ta ló rán mi? Àbúrò ìyàwó mi fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Dúdú. Mo sùn dáadáa lókè níbẹ̀, fún ẹni tí wọ́n ń pè ní ojo.

Lẹ́yìn náà ni mo pàdé bàbá àgbà lọ́jà, lábẹ́ agbòjò.

“Bàbá, ẹ ní omi kì í dé ibẹ̀.”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o wò ó. Ìwọ lo wá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.” Ó fi agbòjò rẹ̀ bò mí díẹ̀, nítorí ọmọlúàbí ni. “Gbin ìrẹsì síbẹ̀. Ilẹ̀ náà dára fún un.”

Mo bi í pé ta ni yóò bá mi wọ inú omi yẹn lọ gbìn ín.

Ó ní kí n pe ọ̀wẹ̀.