Ọ̀rá dúdú tó wà lára páìpù wa

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín o. Kì í ṣe èmi ni mo ba páìpù ilé wa ní Mpape jẹ́.

Bùrọ̀dá Sàká, púlọ́ńbà àdúgbò wa, ló ń sọ kiri pé àtúnṣe ọwọ́ mi ló jẹ́ kí omi máa wọ yàrá ìyá mi. Màmá ti ń di ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo pè é kó wá wo bí mo ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ ibi tí páìpù náà gbà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ oko, ebè iṣu kọ́ nìyí o!"

"Ẹ ṣáà dúró, ẹ̀gbọ́n."

Mo gbẹ́ ẹ dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti so páìpù náà lọ́dún tó kọjá. Kò lo gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ páìpù. Ọ̀rá dúdú ló fi wé e!

"Kai!" ni Màlámù tó ń ta omi ké. Àwọn ará ilé ń tò sẹ́yìn mi, títí mi ò fi lè kà wọ́n mọ́.

Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo fi gọ́ọ̀mù so tuntun. Mo wá lọ fi okùn so àgékù náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tòun tọ̀rá. Ó ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n tú u. Kó kọ́kọ́ lọ bẹ ìyá mi.

Tó bá jẹ́ ìyá tiyín ńkọ́, ṣé ẹ máa tú u?