Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Bọ̀ láti Lomé

Mo ṣì ń rántí bí eékún òsì mi ṣe máa ń gbóná lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi. Bí mo bá sáré díẹ̀, bí mo bá fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò igi, kódà bí mo bá pẹ́ jù lórí ìlà nílé ìwé, kó tó di ìrọ̀lẹ́ eékún náà á ti wú, á le, á máa jó mi bí ẹni pé wọ́n da ẹyin iná sínú rẹ̀. Ìyá mi á gbé ìkòkò omi tútù tì í, á fi ọwọ́ gbá a mú. Elavagnon la wà nígbà náà, nílé bàbá tó bí ìyá mi, nínú yàrá kan tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní abúlé kan lọ́nà Moretan. Kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò lè débẹ̀. Wọ́n ti ní kó má padà wá mọ́.

Ọmọkùnrin méjì ló bí kó tó bí mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọlà fún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n da eérú sí i, wọ́n fún ewé sí i, wọ́n fi aṣọ dì í, ẹ̀jẹ̀ ṣáà ń jò. Lọ́jọ́ kẹta ọmọ náà kú. Èyí tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ rí ọjọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ olóòlà kan náà ló kọlà fún gbogbo ọmọ agbo ilé, kò sí ẹlòmíràn tó kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí, kò pariwo, kò na ẹnikẹ́ni. Òwe ló pa. Ó ní, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Nígbà tí wọ́n bí èmi, tí ọjọ́ ìkọlà tèmi ń bọ̀, ìyá mi pọ̀n mí ní ìdájí, ó fẹsẹ̀ rìn dé Elavagnon. Kò mọ ohun tó ń pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣáà mọ̀ pé abẹ ni ikú wọn ń bá rìn. Wọ́n ní sísá tó sá gan-an ni ẹ̀rí, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá. Ní ti bàbá mi, kò ní òótọ́ ni, kò ní irọ́ ni. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ó yẹ kí n máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi láràárọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mò ń ṣe? Mò ń tijú rẹ̀ ni. Bí a bá lọ wẹ̀ lódò, àwọn ẹgbẹ́ mi á rí ìhòòhò mi, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, “Aláìkọlà! Aláìkọlà!” Èmi á ká aṣọ mi, á di ilé, orí ìyá mi ni mo máa ń da gbogbo ìbínú yẹn lé. Lọ́jọ́ kan tí ìrùngbọ̀n ti ń gbèrò láti hù lágbọ̀n mi, tí mo rò pé mo ti di ọkùnrin, mo dúró tì í níbi tó ti ń yín àgbàdo. Mo ní, “Ìyá, ẹ sọ fún mi. Ṣé òótọ́ lohun tí wọ́n ń sọ nípa yín?” Kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní, “Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé n kò pa ọmọ. Èyí tí mo mọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.” Mo pòṣé, mo jáde. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; nígbà yẹn mi ò tilẹ̀ ní aṣọ náà.

Mo kàwé, mo di olùkọ́ ní Atakpamé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Mẹ́tìrì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pá ni mo fi ń gun àwọn òkè ìlú yẹn lọ sí ilé ìwé. Àwọn ọlọ́kàdà tí à ń pè ní zémíjàn mọ̀ mí. Bí wọ́n bá rí mi nísàlẹ̀ òkè, wọ́n á dúró láìjẹ́ pé mo pè wọ́n. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni dókítà kan ní Atakpamé tẹ eékún mi, tó wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: “Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń dà lára wọn?” Mo sọ bí wọ́n ṣe kú fún un. Ó kọ ìwé fún mi, ó ní kí n gba Lomé lọ.

Ní Lomé ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ohun kan wà tí kò sí níbẹ̀. Dókítà obìnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Ewé, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tèmi, ló fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní dídá tí ẹ̀jẹ̀ ń dá, iṣẹ́ tí ọ̀kan ń gbé lé èkejì lọ́wọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ pàdé kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dì, ẹlòmíràn kan ló sì máa ń mú wọn pàdé. Ẹni tó ń mú wọn pàdé yẹn ni kò sí lára mi. Oògùn tuntun kan ti wá dé tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọrẹ láti òkè òkun. Ó ní nínú ara gbogbo ènìyàn ni àwọn ohun kéékèèké wà tó máa ń rọ̀ mọ́ àrùn bí èèmọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ aṣọ. Àǹtíkọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n ní Faransé. Ti inú ara wa, ohun kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń dì mú. Àwọn onímọ̀ wá fi ọwọ́ ara wọn ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò jọra: ọ̀kan á di òṣìṣẹ́ yìí mú, èkejì á di òṣìṣẹ́ tọ̀hún, á fà wọ́n súnmọ́ra. Ó ní irú rẹ̀ wà fún jẹjẹrẹ pẹ̀lú, tí ọwọ́ kan ń di jẹjẹrẹ mú, tí èkejì ń fa ọmọ ogun ara wá bá a jà. “Alárinà!” ni mo kígbe. Kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ń dúró láàárín ilé ọkọ àti ilé ìyàwó kí ìgbéyàwó tó dé ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ wò ó, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe oògùn náà.

Ikùn ni wọ́n ń gún un sí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Kò wo àrùn náà sàn. Bí mo bá dá a dúró, àrùn á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kejì kò tíì pé tí eékún mi fi dákẹ́. Mo gbé ọ̀pá mi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń tiro gun òkè fúnra mi, àwọn zémíjàn ń pè mí, èmi ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ.

Mo ti bi dókítà náà ní ibi tí irú nǹkan báyìí ti ń wá. Ó ní láti ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á. Ìyá gbé e lára láìmọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ rárá. Ó tún ń sọ nǹkan kan nípa àwọn ọmọbìnrin tí èmi náà bá bí. Mi ò gbọ́ ìyẹn. Ohun tó ń dún létí mi ni pé àjẹ́ kọ́, àjẹ́ kọ́! “Bí ẹ bá ń sọ ọ́ nílé, Mẹ́tìrì, ẹ rọra o,” ni dókítà wí. Èmi, kí n rọra? Láti Lomé dé Atakpamé, nínú tasí tí a fún mọ́ra bí ẹja inú agolo, ọ̀rọ̀ tí mo máa bá ẹbí sọ ni mò ń tò lọ́kàn.

Bàbá mi ti kú nígbà náà. Mo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé mo fẹ́ kí ẹbí péjọ. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n pe ìyá mi wọlé, kí wọ́n gbà pé àwọn ṣì í dá lẹ́bi, kí wọ́n jẹ́ kó rí ibi tí wọ́n sin àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sí. Láti ìgbà tó ti sá, kò fojú kan ibẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ra aṣọ tuntun, ó di irun rẹ̀. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá koríko á ti bo ibojì, bóyá kí òun mú ọkọ́ dání.

Wọ́n ní kó kọ́kọ́ jókòó síta, lábẹ́ máńgòrò, títí wọ́n á fi pè é. Ògiri tó wà láàárín wa kò ga ju àyà lọ. Mo gbé sódàbì, ògógóró ọ̀dọ̀ wa, kalẹ̀, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀. Háà, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Mo sọ nípa òṣìṣẹ́ méjì, mo sọ nípa ọwọ́ méjì tí kò jọra, mo sọ nípa alárinà. Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí, ìyá arúgbó kan ní alárinà tó mú òun wá sílé ọkọ ì bá jẹ́ ṣe irú iṣẹ́ dáadáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, “Mẹ́tìrì, ọ̀rọ̀ rẹ dùn. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ yìí, ọ̀dọ̀ ta ni àìsí rẹ̀ ti wá? Ọ̀dọ̀ tiwa ni?”

Mo yára dáhùn, bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìdáhùn. “Rárá o, Bàbá! Kì í ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Láti ara ìyá ni.”

Ẹyin lohùn, èmi fúnra mi gbọ́ bó ṣe fọ́. Bàbá arúgbó náà mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ gbọ́ bí? Ohun tí a fi ojú lásán rí, òyìnbó ti fi ẹ̀rọ rí i.” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kò mọ̀, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn, mo gbà pé àánú wà lójú rẹ̀, “Ta ló ní ó mọ̀? Àjẹ́ mìíràn wà tí kò mọ̀ pé òun ni. Kó wọlé wá jẹun, a ò bá a jà mọ́. Ibojì àwọn ọmọ nìkan ni kó má dé.”

Kò wọlé. Nígbà tí mo jáde, ó ti wà lórí ìdúró, ó sì ti yíjú sí ọ̀nà. A rìn dé ojú títì, ó bi mí léèrè.

“Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ìwọ lo fi kún un?”

“Dókítà ni, Ìyá, ṣùgbọ́n ó ní...”

“Láti ara mi ni?”

“Ẹ ò mọ̀, Ìyá. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀.”

“Mo ní, láti ara mi ni?”

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní, “Láti ara yín ni.” Ó mi orí, ó ní ó dáa.

Kò dáa. Obìnrin tí ọ̀pọ̀ ọdún kò lè mú gbà pé òun ló pa ọmọ, ó gbà fún mi láàárín ọjọ́ kan. Láràárọ̀ ló wá ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú, níbi tó bá ti ń gbálẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Mo pe dókítà lórí fóònù kó bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ewé tí ìyá mi gbọ́ dáadáa. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó dá fóònù padà fún mi. Ó ní, “Ọmọ dáadáa ni. Ó fẹ́ tù mí nínú.” Kò gbé ọmọ aládùúgbò mọ́. Bí wọ́n bá nawọ́ ọmọ sí i, á ní ara òun kò dára. Nígbà tí ìyàwó mi bí ọmọbìnrin, a gbé e lọ sí Elavagnon kí ìyá mi lè rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó wo ọmọ náà títí, omi ń dà lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ má gbé e sún mọ́ mi.” Ọdún yẹn kò parí tí ìyá mi fi kú. Àwọn ẹbí bàbá mi ò wá sìnkú láti ọ̀nà Moretan.

Mo ṣì ń gba abẹ́rẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi ti ń lọ sílé ìwé, ara rẹ̀ le, a jọ ń gun òkè lọ láàárọ̀ ni. Nígbà tí mo tún lọ sí Lomé, mo ní kí dókítà tún ohun tí mi ò gbọ́ lọ́jọ́ kìíní sọ fún mi. Ó ní gbogbo ọmọbìnrin tí mo bá bí ni yóò gbé e lára, láti ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ti gbà á. Èmi tí mo dìde láàárín ẹbí tí mo ní kì í ti ọ̀dọ̀ bàbá wá! Bí ọmọ mi yìí bá dàgbà, á di ìyá, ó sì yẹ kó mọ̀ kí abẹ tó kan ọmọ rẹ̀. Olùkọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Títí di òní mi ò tíì rí gbólóhùn tí mo lè fi sọ fún un, tí kò ní mú kí òun náà fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn fún ọmọ tirẹ̀.