Páálí Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bàbá Mi

“Ẹ má fà á,” ni bàbá àgbà kan ládùúgbò wa wí, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti àdúgbò Madina wá ti ki ìka bọ abẹ́ páálí tí wọ́n fi awọ bò nínú ilẹ̀kùn náà, ó fẹ́ já a dànù. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú èyí tí à ń pè ní ìjàpá, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, bàbá mi sì máa ń nù ún ju bó ṣe ń nu bàtà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹrẹ̀ gọ́tà bò ó látòkè délẹ̀, ó ń rùn. Inú rẹ̀ ni bàbá mi kú sí.

Òjò ńlá kan ló rọ̀, àgbàrá sì wọ́ ọkọ̀ náà sínú gọ́tà. Nígbà tí omi fà, wọ́n bá bàbá mi lórí ìjókòó awakọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ti fún mọ́ ògiri gọ́tà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ bàbá mi láti ìta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣí i jáde? Iná ti jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Okaishie ṣáájú ìgbà náà, ó sì ti sọ lójú àwọn èèyàn pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ta ni kì í sọ ọ́ nínú àwa Yorùbá? Ṣùgbọ́n ayé ti di ọ̀rọ̀ náà mú. Àwọn obìnrin aládùúgbò wa, ọmọ Ghana, tí wọ́n ń wá fi “due, due” bá ìyá mi kẹ́dùn, kò wá mọ́. Pásítọ̀ wa sọ pé ìjọ kò lè gbàdúrà lórí ẹni tó pa ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ká sin ín ní bòókẹ́lẹ́, láìsí orin, láìsí ẹkún, ká sì ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ìyá mi ń sọ ṣáá pé ọkọ òun kò pa ara rẹ̀.

Bàbá àgbà yẹn ló ń rán ìjókòó ọkọ̀ lójúde ilé tó kángun sí tiwa ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Ghana. Òórùn gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló máa ń jí wa láàárọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó ń ké lórí awọ líle. Kì í rẹ́rìn-ín. Bí a bá fọwọ́ kan fóòmù rẹ̀, á jágbe mọ́ wa. Òun náà ló tún gíláàsì ilẹ̀kùn yẹn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò; ó fi igi há a sókè kó má baà máa já wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ yìí. Ó kàn dìde wá ni, ó ní kí ìyá mi jẹ́ kí òun tú páálí náà, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án, nítorí bó bá ya, wọ́n á ní àwa la ba ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi í pé kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá náà ní páálí tó ti mu omi kì í ṣeé tú, pé bí ẹ̀kọ ló máa ń já. Ló bá ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà sábẹ́ ibòji, ó jókòó tì í, ó ń dúró kí páálí náà gbẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pòṣé pé òkú wà ní mọ́ṣúárì, ẹnì kan ń ṣọ́ páálí.

Nígbà tó gbẹ, ó ní kí pásítọ̀ wá, kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi súnmọ́ tòsí, kí ìyá mi dúró níwájú gbogbo wọn. Ó tú ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì, ó tú ibi tí a ń gbé apá lé, ó to àwọn ìdè wọn sínú agolo. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan tí kò mú, tó fi aṣọ wé. Ó ń ki í sábẹ́ páálí, ó ń fi ìka wá ibi tí kílíìpù tó dì í mọ́ ilẹ̀kùn wà, ẹ̀gbẹ́ kílíìpù gan-an ló sì ti ń gbé e sókè. Á dún pọ́, á dákẹ́, á sún síwájú.

Ó gbé páálí náà kúrò lódindi, kò ya níbì kankan. Ó ní kí wọ́n wo inú ilẹ̀kùn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ọwọ́ tí a fi ń ṣí i láti inú mọ́ ẹ̀rọ tó ń ti ilẹ̀kùn ti yọ, ó rọ̀ dirodiro. Ẹni tó wà níta lè ṣí ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó wà nínú lè fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ṣí. Rọ́bà dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń gé lára tíúbù táyà, ṣì so mọ́ irin náà, ó ti já.

Ìyá mi jókòó sórí ẹrẹ̀. “Ó fẹ́ jáde,” ó ní. “Ẹ wò ó, ó fẹ́ jáde.”

Pásítọ̀ bèèrè ẹni tó so rọ́bà síbẹ̀. Ìyá mi ni bàbá náà kọjú sí.

“Èmi ni. Kílíìpù tó di irin yẹn mú ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń ṣe gíláàsì. Mo fi rọ́bà so ó, mo ní n ó lọ wá òmíràn ní Abossey Okai, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mi ò lọ. Mi ò sì sọ fún ọkọ rẹ.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbá a lọ́rùn mú, pásítọ̀ ló gbà á sílẹ̀. Àwọn kan ní ká fi ọlọ́pàá mú un, ìyá mi kọ̀, kò sọ ìdí. Wọ́n fi orin àti àdúrà sin bàbá mi, àwọn obìnrin àdúgbò padà wá, gbogbo òpópónà wa sunkún.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá náà mọ́. Bí ó bá kí ìyá mi, ìyá mi á kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tí bàbá náà fi kú. Ṣùgbọ́n bí èmi bá kọjá lójúde rẹ̀ láìkúnlẹ̀, ìyá mi á gbá mi létí. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo bi ìyá mi pé kí ni mò ń kúnlẹ̀ fún, ṣebí òun ló pa bàbá mi.

“Òun ló pa á,” ìyá mi wí. “Ṣé ìwọ ì bá lè jáde wá sọ pé ìwọ ni?”

Mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ti rí nígbà náà lọ. Mi ò tíì dárí ji bàbá yẹn, mi ò sì mọ̀ bóyá mo máa dárí jì í. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá bi mí bí bàbá mi ṣe kú, mo máa ń sọ ọ́ láìrẹ ohùn sílẹ̀, ẹnu tí bàbá yẹn fi jẹ́wọ́ ló sì fún mi láyè láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.